Èèkù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo irin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Houston ni mo ń gbé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀bẹ àkọ̀ àtijọ́ jọ, àwọn tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ṣáájú ogun Hitler tàbí nígbà rẹ̀, pàápàá àwọn tí èèkù wọn ṣàrà ọ̀tọ̀. Mo ti rí mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ Marble's, ó jọ pé èèkù rẹ̀ dúdú nígbà kan ṣùgbọ́n ó ti ń dà bí ewé gbígbẹ. Ẹni tó ń tà á ní ìwo ẹfọ̀n ni. Èkejì jẹ́ Western States, èèkù rẹ̀ ń kọ mànà bíi péálì, irin rẹ̀ ti dógùn-ún, àmọ́ ẹ̀bá èèkù nìkan ló ti dógùn-ún. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi ní London: ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe ní Sheffield ní England, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ eyín erin gidi, wọ́n ní àwọn fẹ́ tà á fún mi. Èwo ni kí n rà? Ṣé mo lè fi nǹkan pa èèkù Marble's yẹn kó padà dúdú? Mo fi àwòrán mọ́ ọn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ ní kíkún. Kí n tó máa rojọ́, ìdáhùn ṣókí nìyí: ẹ ra ti Marble's bí owó rẹ̀ bá bọ́gbọ́n mu, ẹ fi ti Western sílẹ̀ títí ẹ ó fi fi imú ara yín gbóòórùn rẹ̀, ẹ má sì san kọ́bọ̀ lórí eyín erin. Ní ti pé kí ẹ pa èèkù láró kó padà dúdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, irin ló kọ́kọ́ máa ń wò. Á ka òǹtẹ̀, á fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu rẹ̀ wò, á béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n irin àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà láàárín 1900 sí 1940 jọ ara wọn ju bí àwọn olùtajà ṣe ń sọ lọ: irin kábọ́ọ̀nù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, ó mú dáadáa, ó sì ń dógùn-ún bí ẹ bá gbójú kúrò lára rẹ̀. Èèkù ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti ń dán ohun tuntun wò, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fọ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó fẹ́ fi ọ̀bẹ rẹ́ni jẹ ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ẹ bá wá rí èèkù tó tutù yọ̀yọ̀ lára irin tó ti gbó, ẹ yáa béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Marble's. Gladstone ni wọ́n ti ṣe é, ìlú kékeré kan ní apá òkè ìpínlẹ̀ Michigan. Webster Marble, ẹni tí wọ́n bí ní 1854, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn nínú igbó, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń ṣírò igi gẹdú fáwọn tó fẹ́ gé e. Ní 1898 ó dá Marble Safety Axe Company sílẹ̀ nítorí àáké àpò kan tó ronú kàn: irin pẹlẹbẹ kan ń bo ẹnu àáké náà, irin ọ̀hún á sì ká wọ inú èèkù nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi gbé ọ̀bẹ ọdẹ tó pè ní Ideal jáde. Ọ̀bẹ yìí kò ṣòro dá mọ̀. Irin rẹ̀ nípọn, poro fífẹ̀ kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, gígùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti inṣi 5 dé inṣi 8. Ní 1911 ilé iṣẹ́ náà yí orúkọ padà sí Marble Arms & Manufacturing Company. Nínú àwòrán yín, M.S.A. Co. ni mo rí lára irin, lẹ́tà orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ náà wá láti ìgbà àkọ́kọ́ tàbí ìgbà tó sún mọ́ ọn gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yí orúkọ padà gẹ́lẹ́ ni wọ́n kó gbogbo irin tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí dànù. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Woodcraft, ọ̀bẹ wọn tó tà jù, èyí tí ẹ ó máa rí ọdún ìwé àṣẹ 1916 lára rẹ̀. Ìyẹn pọ̀ lọ́jà bí omi.

Kí ló dé tí èèkù yín fi jẹ́ àrà ọ̀tọ̀? Ìdí ni pé èèkù awọ ló borí gbogbo wọn. Wọ́n á gé awọ sí òrùka kéékèèké, wọ́n á tò wọ́n léra lórí ìrù irin tó wọ inú èèkù, wọ́n á fún wọn pọ̀ pinpin, wọ́n á wá fá wọn títí tí yóò fi bá ọwọ́ mu. Kò wọ́n, kì í yọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran bá kàn án, kò sì tutù lọ́wọ́ nínú yìnyín. Nígbà tí àwọn ọdẹ ti mọ adùn rẹ̀, Case ní Bradford, Union Cutlery ní Olean tó ń ta orúkọ KA-BAR, Remington, Western, gbogbo wọn ló gbà á. Látàrí ìyẹn, èèkù tí kì í ṣe awọ láti àwọn ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ ẹ̀rí ohun kan tí ilé iṣẹ́ dán wò, tí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n jọ̀wọ́ yìí gan-an ni èmi fẹ́ràn láti kó jọ.

Tiyín kì í ṣe ìwo. Rọ́bà líle ni, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sọ̀yà. Nelson Goodyear ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1851, ọdún 7 lẹ́yìn tí Charles ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ti rọ́bà tí wọ́n fi iná àti imí ọjọ́ sè. Bí imí ọjọ́ bá kéré, rọ́bà yóò máa nà. Bí ó bá pọ̀ gan-an, tí wọ́n sì sè é pẹ́, yóò le bí igi dúdú. Òun ni wọ́n fi ṣe ẹnu kòkó tábà, òòyà àti bírò oníyíǹkì láyé ọjọ́un. Àwọn tó mọ ìtàn Èkó á rántí pé láàárín àwọn ọdún 1890 ni wọ́n kọ igi rọ́bà inú igbó wa lára, tí wọ́n kó oje rẹ̀ lọ sókè òkun títí ọ̀pọ̀ igi fi kú lórí ìdúró. N ò sọ pé oje tiwa ló wà lọ́wọ́ yín o. Mo kàn ń sọ pé ebi rọ́bà tó ń pa ayé nígbà náà ló kan igbó wa, òun náà ló kan ọ̀bẹ àwọn ará Michigan.

Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀ láìfi nǹkan kan ba ọ̀bẹ jẹ́ nìyí. Ẹ gbé e sẹ́nu fèrèsé lójú ọ̀sán. Ìwo ẹfọ̀n máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ nínú, torí híhù ni ó hù. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí etí rẹ̀ níbi tó ti fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé díẹ̀, yóò pupa rẹ́súrẹ́sú. Rọ́bà líle kò gba ìmọ́lẹ̀ rárá, ojú rẹ̀ sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wo àwọn ìlà àgbélébùú tó gba ara èèkù, èyí tí wọ́n ṣe kí ọwọ́ má bàa yọ̀. Bí ọwọ́ bá gé e, àwọn kan á jìn ju àwọn kan lọ. Ti yín dọ́gba délẹ̀ torí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tí rọ́bà ṣì rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò gbígbẹ ra ojú kan lórí èèkù náà kíkankíkan títí tí yóò fi gbóná, kí ẹ sì gbé e sí imú kíá. Bí ó bá ń rùn bí imí ọjọ́, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwo kì í rùn bẹ́ẹ̀. Irun tó jóná ni òórùn rẹ̀ máa ń jọ.

Olùtajà náà lè sọ pé kí àwọn fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un kí ẹ lè rí òótọ́. Ẹ kọ̀. Abẹ́rẹ́ yóò fi ihò sílẹ̀ tí kò ní jinná mọ́, bí ohun tí ẹ ń gún bá sì lọ jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì (ike àtijọ́ kan tí iná tètè ń ràn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀), iná ni yóò dá a lóhùn.

Àwọ̀ ewé gbígbẹ tó ń dà yín láàmú yẹn, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ló fà á. Wọ́n máa ń mú kí imí ọjọ́ tó wà lójú rọ́bà yí padà di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà á ṣí láwọ̀, á di rẹ́súrẹ́sú, idẹ tàbí fàdákà tó bá wà nítòsí á sì dúdú. Ìdí nìyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, bí àwọn kan ṣe ń dámọ̀ràn kí òórùn lè jáde. Omi ń fa ásíìdì náà kúrò, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú rọ́bà sílẹ̀ ní hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún, ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn, ó tó. Bí ẹ bá lọ pa á láró, ẹ ti pa ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ń wá àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú yẹn gan-an, ó sì máa ń wo ibi tí òkùnkùn ti dáàbò bò ó: abẹ́ irin ìdènà ọwọ́, àti ibi tí awọ àkọ̀ ń bò. Bí èèkù bá ti ṣí láwọ̀ níta àkọ̀, tó ṣì dúdú níbi tó ń wọ inú rẹ̀, ọ̀bẹ àti àkọ̀ yẹn ti gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí olùtajà tó lè fi ẹnu sọ ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín.

Nǹkan méjì péré ló kù kí ẹ yẹ̀ wò. Rọ́bà líle máa ń dà gírígírí bó bá ti pẹ́, tó bá jábọ́ lórí símẹ́ǹtì ó lè là sí méjì. Ẹ wo ẹ̀bá irin ìdènà ọwọ́ àti ìdí èèkù fún ìlà tín-ín-rín tó dà bí irun orí. Ẹ tún wo òpin ìrù irin tó yọ ní ìdí èèkù: bí àpá eyín pílíáyà tàbí ti fáìlì bá wà níbẹ̀, wọ́n ti tú u rí, èèkù náà sì lè ti wá láti ara ọ̀bẹ mìíràn. Bí méjèèjì bá mọ́, ẹ san owó Marble's onírọ́bà, ẹ má bá a jiyàn lórí ìwo. Ẹni tó bá ń pe rọ́bà ní ìwo, ó ṣeé ṣe kó máà mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ti Western. Ìdílé Platts ló wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ yẹn, Sheffield ni bàbá wọn Charles ti wá sí Amẹ́ríkà. H. N. Platts ọmọ rẹ̀ gbọ̀nà ìwọ̀ oòrùn lọ nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tí eruku òkúta ìlọ̀bẹ ti bà jẹ́, ó sì dá Western States Cutlery sílẹ̀ ní Boulder, ní Colorado, ní 1911. Ọgbọ́n wọn tó gbajúmọ̀ jù ni ìrù irin onílà méjì. Dípò kí ìrù kan ṣoṣo gba àárín èèkù kọjá, wọ́n là á sí méjì, ọ̀kan gba òkè, ọ̀kan gba ìsàlẹ̀, ẹ ó sì máa rí irin méjèèjì lẹ́bàá èèkù láti ibi ìdènà ọwọ́ dé ìdí. Ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde ní 1934, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 1,967,479. Bí nọ́ńbà yìí bá wà lára irin, tí ẹ kò rí ìlà irin méjì náà lára èèkù, ẹ yáa fura. Nínú àwòrán yín, mo rí méjèèjì. Òótọ́ ni pé èèkù ilé iṣẹ́ ni. Wàhálà rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ohun tó ń kọ mànà bíi péálì yẹn ni sẹ́lúlọ́ìdì. Eyín erin ló bí i, ní ọ̀nà kan. Láàárín àwọn ọdún 1860, ilé iṣẹ́ kan ní New York tó ń ṣe bọ́ọ̀lù eré bílíádì ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí ohun tí yóò rọ́pò eyín erin, torí ó ti ń wọ́n. John Wesley Hyatt gbìyànjú, ó da òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì sè pọ̀ mọ́ káńfọ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1870. Láti ìgbà náà wọ́n ń fi í ṣe òòyà, bọ́tìnnì, fíìmù sinimá àti èèkù ọ̀bẹ. Kò sí ohun tó rọrùn láti fún ní àwọ̀ tó o: péálì, ìkarahun ahun, àwọ̀ yìnyín fífọ́, pupa àti funfun tó ń yí ara wọn po. Nínú gbogbo èèkù ilé iṣẹ́, òun ló lẹ́wà jù lójú mi, òun náà ló léwu jù.

Kì í dúró jẹ́ẹ́. Bó ti ń dàgbà, káńfọ̀ á máa fò jáde, òwú onásíìdì tó kù nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tú, afẹ́fẹ́ ásíìdì á máa ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tó bá sún mọ́ ọn jù ni afẹ́fẹ́ yẹn kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹ̀yin fúnra yín ti rí i: irin dógùn-ún ní ẹ̀bá èèkù nìkan, iwájú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rinrin Houston ìbá ti pín ìdógùn-ún yẹn káàkiri gbogbo irin. Èyí tó jókòó sí ẹ̀bá èèkù, inú èèkù ló ti wá.

Nítorí náà, ẹ gbé e sí imú. Sẹ́lúlọ́ìdì tó ṣì ń gbádùn, tí ẹ bá ra á gbóná, yóò rùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bíi Robb tí wọ́n fi ń pa orí. (Mi ò wí káńfọ̀ inú àpótí aṣọ o, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa kì í ṣe káńfọ̀ gidi.) Bí òórùn rẹ̀ bá le, tó ń ta imú kí ẹ tó ra á rárá, tàbí tí ẹ bá rí i pé inú rẹ̀ ti ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí gíláàsì mọ́tò tó gba òkúta, tí idẹ ara rẹ̀ sì ti ń yọ ewú aláwọ̀ ewé, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Kò sí oògùn. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọ̀nyí àfi ìdógùn-ún, tí olùtajà sì gé owó rẹ̀ balẹ̀, ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n kó má bá ọ̀bẹ mìíràn gbé inú àpótí kan náà, kó má wà nínú ike tí wọ́n dé pa, kó sì jìnnà sí iná àti oòrùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ló bá a lára mu. Kí ẹ máa wò ó lóṣooṣù. Àwọn tó dúdú àti àwọn tó funfun bí eyín erin máa ń pẹ́ ju èyí tó mọ́ gaara tàbí tó jọ ìkarahun ahun lọ. Funfun náà ní ohun ẹ̀fun zinc nínú tó ń pa ásíìdì yẹn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, èyí funfun ni n ó wá.

Ìyẹn mú wa dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá yín. Ẹ kí wọn fún mi, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé òfin kò gbà kí wọ́n tà á fún yín. Òfin eyín erin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú ọba ṣe ní 2018 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022. Wọ́n yọ̀ǹda ohun tó ti wà ṣáájú 1947 bí eyín erin inú rẹ̀ kò bá pé ìdá 10 nínú 100, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀bẹ tí gbogbo èèkù rẹ̀ jẹ́ eyín erin ti kọjá ìdá 10 fíìfíì. Àyè kan tún wà fún ohun ọnà ṣáájú 1918 tó bá níye lórí gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ilé iṣẹ́ lásán kì í gba ibẹ̀ kọjá. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé 250,000 pọ́n-ùn, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Wọ́n lè fi sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n lè fún ọmọ, wọ́n lè fi jogún. Títà ni òfin ní kí wọ́n má ṣe. Kódà bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kò lè kàn gbé e sínú báàgì wọ Amẹ́ríkà láìsí ìwé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń ṣọ̀wọ́n), torí láti 2016 ni ìjọba ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pa lórí òwò eyín erin Áfíríkà. Ní 2025, ìlú ọba fi eyín erinmi àti ti àbùùbùtán kún òfin náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìdí èèkù dáadáa. Eyín erin gidi máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ hàn níbi tí wọ́n ti gé e ní ìdábùú, tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí àwọ̀n. Eegun kì í ní in. Eegun ní àmì dúdú wínníwínní, ihò tí ẹ̀jẹ̀ gbà nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè. Bí ìlà rẹ̀ bá gún régé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì sí nǹkan kan ní ìdí, sẹ́lúlọ́ìdì funfun tí mo sọ ni. Nígbà náà òfin kò kàn yín, kí wọ́n kàn fi ṣọwọ́ sí yín nínú ẹrù tí wọ́n á fi sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Òǹtẹ̀ rẹ̀ náà á ràn yín lọ́wọ́: ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta jẹ́ ti Joseph Rodgers, I*XL jẹ́ ti George Wostenholm, ilé iṣẹ́ Sheffield ni àwọn méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ England bá wà lára irin tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti 1891 síwájú, nígbà tí òfin owó orí Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá hàn lára rẹ̀.

Àwọn èèkù ìwo àgbọ̀nrín, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Wọ́n rẹwà, gbogbo ènìyàn ló ń lé wọn, owó wọn sì ti kọjá ohun tí mo rò pé wọ́n tó.

Ti onírin ńkọ́? Ogun ló bí púpọ̀ nínú wọn. Ní 1918 Landers, Frary & Clark ní Connecticut ṣe ọ̀bẹ inú kòtò ogun Mark I fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, èèkù rẹ̀ jẹ́ idẹ dídà tó ní ihò ìka mẹ́rin, ẹni tó bá dì í mú lè fi í gba èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà ju òótọ́ lọ, òfin ọ̀pọ̀ ibi kò sì fẹ́ràn irin ẹ̀ṣẹ́. Ẹ fò ó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀bẹ Fairbairn-Sykes tí Wilkinson Sword ti London bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fún àwọn kọmáńdò nígbà ogun Hitler. Èèkù ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ idẹ tí wọ́n gbẹ́ ìlà àgbélébùú sí lára. Nígbà tó yá, wọ́n ń fẹ́ idẹ fún ọta ìbọn, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ yá, wọ́n wá ń da èèkù náà láti ara irin zinc, òrùka òrùka ni ara rẹ̀. Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ibi tí owó ogun ti tán. Gerber ní Portland náà ń lo èèkù aluminiọ́ọ̀mù dídà láti nǹkan bí 1939, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìgéran orí tábìlì ló pọ̀ jù nínú wọn, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wù yín.

Ó máa ń dùn mí pé a ò kó tiwa jọ. Àdá olóònì tó ti ilé iṣẹ́ Ralph Martindale ní ìlú ọba wá, kò sí oko tí kò dé nílẹ̀ wa, òun náà jẹ́ irin ilé iṣẹ́ tí kì í ká. Ta ló ní ọ̀kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì yọ, tí igi èèkù rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àkọ́kọ́? Gbogbo rẹ̀ la ti lọ̀ tán sórí òkúta, a sì ti fi rọ́bà táyà wé èèkù rẹ̀.

Bí owó kò bá tíì pọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ sì fẹ́ èèkù tí ẹ kì í rí níbòmíràn, ẹ wo Finland. Ilé iṣẹ́ Iisakki Järvenpää ní Kauhava ti wà láti 1879. Èèkù àwọn ọ̀bẹ kéékèèké wọn kan jẹ́ èèpo igi birch tí wọ́n tò léra bí awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn sì ní orí ẹṣin onídẹ ní ìdí èèkù. Èèpo birch ní ọ̀rá nínú, kì í mu omi, kì í rẹ́ ọwọ́ nínú òtútù, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń da ara rẹ̀ láàmú láti ṣe ayédèrú àwọn tí owó wọn kò wọ́n. Ọwọ́ yín á mọ ohun tí èèkù àtijọ́ jẹ́ kí ẹ tó máa náwó ńlá.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kù díẹ̀, nítorí Houston. Ẹ má tọ́jú ọ̀bẹ sínú àkọ̀ rẹ̀ rárá. Kẹ́míkà tí wọ́n fi pa awọ máa ń fa ọ̀rinrin, idẹ á yọ ewú, irin á sì gba àpá tí fáìlì kò ní lè yọ láìba òǹtẹ̀ jẹ́. Ẹ to àkọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ so òwú mọ́ méjèèjì kí ẹ lè mọ èyí tó bá èyí lọ. Òróró ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára irin, kí ó má kan èèkù, àgàgà rọ́bà, torí òróró ń mú kó wú. Àpótí igi óákù kò dára, afẹ́fẹ́ kíkan máa ń ti inú rẹ̀ jáde. Dúrọ́ọ̀ irin tó ní ihò lẹ́yìn ló sàn.

Kí ẹ tó san owó Marble's, ẹ ní kí olùtajà ya àwòrán mẹ́rin fún yín nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe ti gílóòbù: ìdí èèkù láti ẹ̀yìn, ibi tí èèkù ti pàdé irin ìdènà ọwọ́, òǹtẹ̀ ní tòsí, àti ọ̀bẹ náà nínú àkọ̀ rẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tí àwọ̀ èèkù ti yí padà. Bí ó bá ní òun ò lè ya ìkẹrin, ẹ bi í bóyá àkọ̀ ọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀bẹ náà. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi bí ẹ bá fẹ́, n ó wò wọ́n fún yín.